Ohun Tí Ìyá Ẹ́sítà Kò Lè Kó Lọ Sórí Omi

Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé Ìkòròdú láìgbin ohunkóhun sílẹ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kò sí. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà yàrá sí fẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, òjò kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Èmi ni n kò fẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò ní Ṣakí, ìyá mi fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àjò lò ń lọ o. Aláàjò kì í ta gbòǹgbò. Ṣe ohun tó gbé ọ lọ, kí o padà wálé wá bá mi." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Gbogbo ìgbà tí mo fi gbé Ìkòròdú, lójú tèmi, mò ń lọ lọ́la ni.

Ọkọ mi ni mo tẹ̀ lé wá. Awakọ̀ ni, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láàárín Ìkòròdú àti Ìbàdàn. Jẹ́jẹ́ èèyàn ni, kò gbọ́wọ́ lé mi rí, kò sì febi pa mí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá, ó lè di méjì, kí n tó gbúròó ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé. Á wẹ̀, á jẹun, á sùn. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, ó tún di Gáréèjì. Ìgbà tí mò ń bọ̀, mo rò pé ọkọ mi ni mo fẹ́ lọ bá gbé. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé yàrá ọkọ mi ni mo lọ bá gbé.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ọ̀sà. Ní ilé wa lọ́hùn-ún, òkúta ni èèyàn ń rí bó bá gbójú sókè, òkúta ńláńlá tó dúró síbi tí wọ́n wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo wá débi tí mo ti rí omi tí n kò rí òdìkejì rẹ̀. Mo bi ọkọ mi pé, "Ta ló ń ṣọ́ ọ kó má baà gun òkè wá?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá lèmi náà ń sọ, síbẹ̀ ńṣe ni a máa ń wo ara wa lẹ́nu. Bí mo bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Lésì?" Èmi a sì dúró síta, mo rò pé èèyàn kan tó ń jẹ́ Lésì ni wọ́n ń pè nínú ilé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé "ta ni?" ni wọ́n ń bi mí.

Mo ríṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń yan gàrí. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó fún un, a ó wá jókòó ti agbada láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún mi, torí ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ohun tó ṣòro ni ẹ̀rín àwọn tí a jọ ń ṣe é. Bí mo bá fẹ́ bèèrè omi, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Bí mo bá tún un sọ, wọ́n á pe ẹlòmíràn pé, "Wá gbọ́ ará òkè!" Wọn kò ní i lọ́kàn láti ṣe mí níkà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, orí ni mò ń mì dípò kí n sọ̀rọ̀. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí ohùn tèmi má dé etí tèmi. Orúkọ mi pàápàá kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyàwó Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè mí.

Ẹnì kan tí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni Ìyá Ẹ́sítà. Ilé alámọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé tiwa, bàbá onílé kan náà ló ni méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìyá náà ń dá gbé. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun lápá Òǹdó. Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́ tà, Ìkòròdú ló sì kú sí. Ẹ́sítà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sílé ọkọ. Ìyá yìí pẹ̀lú kò gbọ́ èdè Ìkòròdú dáadáa, kò sì gbọ́ tèmi. Bí àwa méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀, a ó fọwọ́ júwe, a ó fojú júwe, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù sáàárín, a ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọgbà rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Kò tóbi, ṣùgbọ́n kò síbi tó ṣófo níbẹ̀. Ewúro ló fi sọgbà yí i ká. Nínú rẹ̀ ni gbúre, ata wẹ́wẹ́, efinrin, tẹ̀tẹ̀ àti koríko ọba tí ó máa ń sè mu láàárọ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan dúró sí, èyí tí ọkọ rẹ̀ gbìn kó tó kú. Bí ìyá náà bá ń fa koríko, ó máa ń bá igi yìí sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fẹjọ́ sun èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò wá jókòó síbẹ̀ rí.

"Ìyàwó," ó ní, "bàbá onílé ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ wó ilé mi. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀."

"Níbo lẹ wá ń lọ, Ìyá?"

"Ọ̀dọ̀ Ẹ́sítà ni. Abúlé apẹja kan ni wọ́n wà, lápá Ẹ̀pẹ́. Orí omi ni wọ́n fi òpó kọ́ ilé wọn sí. Bí o bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, omi lo máa fọwọ́ kàn." Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. "Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó. Ilẹ̀ tí a lè gbin ata kan ṣoṣo sí, kò sí. Wá kó àwọn ewéko mi."

Mo ní, "Ìyá, n kò ní pẹ́ padà sílé o."

"Nígbà wo?"

Mo ń gbọn gàrí kúrò lára aṣọ mi.

"Ọdún mélòó lo ti lò níbí?"

"Mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́ta lo ti ń ra ewé lọ́jà, torí pé ò ń lọ lọ́la."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Mo wọ inú ilé, mo lọ yá ọkọ́ lọ́wọ́ ará ilé wa kan.

Ọjọ́ méjì ni a fi ṣe é, láàárọ̀ kùtù àti nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ìyá Ẹ́sítà kò gbà kí n fa ohunkóhun tu. Ńṣe ni a máa ń gbẹ́ ilẹ̀ yí gbòǹgbò ká, a ó gbé e pẹ̀lú amọ̀ ara rẹ̀, a ó fi àpò ìdọ̀họ wé e bí ọmọ tuntun, a ó sì gbé e lọ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé tiwa. Àwọn ewúro, ó fi àdá gé wọn ní ọ̀pá ọ̀pá, ó sì fi hàn mí apá ibi tí mo máa kì bọlẹ̀. "Bí o bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní bínú sí ọ," ó ní, "ṣùgbọ́n kò ní hù." A fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo àwọn ata.

"Gbogbo wọn máa rọ," ó sọ fún mi. "Bí ẹni tó kú ni wọ́n máa rí. Má sunkún, má sì da omi pa wọ́n. Fi wọ́n sílẹ̀."

Igi ọsàn ńlá náà kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kékeré ti hù lábẹ́ rẹ̀, kò tíì ga tó eékún mi. Èyí ni a gbẹ́ kẹ́yìn. Ẹ̀gún rẹ̀ wọ̀ mí ní àtàǹpàkò. Ìyá náà jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi lé itan rẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ wá a. Kò tètè rí i torí ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó yá. Mò ń rò ó lọ́kàn mi pé, láti ìgbà tí ìyá mi ti di irun fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò mi, kò tún sí ẹni tó di ọwọ́ tàbí orí mi mú pẹ́ tó báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a ru ẹrù dé Ìpakodò, níbi tí ọkọ̀ omi ti ń gbéra. Ẹrù náà kò pọ̀: ẹní, ìkòkò méjì, àpótí aṣọ, Bíbélì, àti ààké tí ọkọ rẹ̀ fi ń gbẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ ọjà, wàá rí mi ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja yíyan ni Ẹ́sítà ń tà. Bèèrè mi." Mo mi orí. Ó ní, "Má mi orí sí mi. Sọ̀rọ̀." Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Ọkọ̀ gbéra. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo padà délé, àwọn òṣìṣẹ́ ti wó ògiri kan, igi ọsàn ńlá sì ti wà nílẹ̀.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ àdádó tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò lẹ́nì kan rí, ó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó ní ẹnì kan, tí ẹni náà wá lọ, ìyẹn ni gbogbo yàrá máa ń dún sí létí. Bí mo bá jí, màá jáde sẹ́yìnkùlé wo àwọn ewéko náà. Bí ìyá náà ti wí gẹ́lẹ́ ni wọ́n rí: wọ́n rọ, ewé wọn sorodò, àwọn kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo sì kábàámọ̀ pé mo gbà wọ́n. Àfi bí ẹni pé mo kó òkú ọgbà ọlọ́gbà wá sílé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo rí ojú kan tó fẹ́ yọ ewé lára igi ewúro kan. Kò ju orí ìṣáná lọ. Àwọ̀ ewé ni. Mo lóṣòó tì í, mo sì sọ̀rọ̀ sókè, n kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. Mo ní, "O káàárọ̀ o."

Kí òjò tó dá, ọgbà ti gbérí. Ará ilé wa kan, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ohùn mi tẹ́lẹ̀, kanlẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kan pé inú ń run ọmọ òun, bóyá mo lè fún òun ní efinrin. Mo já a fún un, mo sì sọ bí yóò ṣe gún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Kò ní kí n tún un sọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá onílé wá wo bí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe ń lọ. Àgbàlagbà ni, ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó rìn yí ọgbà mi po, ó wá dúró síwájú ọsàn kékeré náà. Ó ní kí wọ́n pè mí.

"Ìyàwó Dírẹ́bà, ta ló ní kí o gbin igi?"

Mo kúnlẹ̀.

"Ewébẹ̀, n kò bá ọ wí," ó ní. "Àlejò gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n igi! Bàbá mi gba àlejò kan láàyè kó gbin obì sí ilẹ̀ wa. Àlejò náà kú. Ọmọ rẹ̀ ní ẹni tó ni igi ló ni ilẹ̀. Ẹjọ́ náà wà ní kóòtù títí dòní. Hú u."

Bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ mi, mo rántí igi ńlá tí wọ́n gé. Mo mọ̀ pé bí mo bá mi orí, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, màá hú u. Mo la ẹnu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní ilẹ̀ níbí, n kò sì ń wá a. Ọkọ Ìyá Ẹ́sítà ló gbin ìyá igi yìí. Ẹ ti gé ìyẹn, tiyín ni, a kò lè bi yín. Eléyìí nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tiyín. Gbogbo ilé ni kó gbọ́: igi bàbá onílé ni. Èmi á kàn máa bu omi sí i."

Ohùn ará òkè ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, ó sì gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dúró, wọ́n ń wò wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá onílé fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bí ọkọ rẹ bá gbé ọ lọ lọ́la ńkọ́?"

"Igi yín á wà níbí, Bàbá."

Ó lọ síbi tí wọ́n kó pákó sí, ó ṣa àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí igi náà ká. "Ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́," ó ní, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni a ti ń sọ látàárọ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kan. Ọkọ mi wà lọ́nà Ìbàdàn. Mo wá lọ bá akọ̀wé lẹ́tà ní Gáréèjì, mo ní kó bá mi kọ̀wé sí ìyá mi. Mo sọ fún ìyá mi pé mo ní ọgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Ó lé ní oṣù méjì kí èsì tó dé. Dírẹ́bà kan ló mú un bọ̀. Mo gbé e tọ akọ̀wé lẹ́tà lọ, mo sì tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ó ya á, ó sì kà á sókè bó ṣe máa ń ka ti gbogbo èèyàn, láìgbójú sókè: wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ìyá mi ti jáde láyé. Wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Wọ́n ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Kí n má wulẹ̀ dààmú láti wá, ọ̀nà jìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Akọ̀wé ká lẹ́tà náà padà. Ó wò mí nígbà náà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti ń na ìwé tirẹ̀ sí i.

Wọn kò sọ bóyá lẹ́tà mi bá a láàyè.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣàánú fún wọn. Àgbà ni wọ́n." Ó jókòó tì mí pẹ́, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, ẹrù sì wà lọ́kọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo yan gàrí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí. Kí ni màá sọ? Kò sí ẹnì kan ní gbogbo Ìkòròdú tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó máa ń fi ọwọ́ òsì bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín, torí eyín rẹ̀ kan tó yọ. Ẹkún kò wá. Ọjọ́ mẹ́rin, kò wá.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wé gèlè mi, mo lọ sí Ìpakodò, mo wọ ọkọ̀ omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. N kò wọ ọkọ̀ omi rí. Mo di ojú, mo di igi ọkọ̀ mú títí ọwọ́ mi fi kú. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Ọjà Olúwo ti kún. Ẹja tútù, ẹja yíyan, ẹja tó ń ta pàùpàù nínú agbọ̀n, ariwo lọ́tùn-ún lósì. Mo dúró síbẹ̀ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé Ìkòròdú. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè, láti àtẹ kan dé èkejì: "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá Ìyá Ẹ́sítà. Ìlàjẹ ni. Ìkòròdú ló gbé tẹ́lẹ̀." Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní Ìlàjẹ pọ̀ níbí. Mo tún bèèrè. Ẹnì kan ní kí n máa lọ títí màá fi dé ibi tí èéfín wà.

Mo rí i. Ó ti rù. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ń to ẹja sínú agbọ̀n, ó ń fi ìka wá ojú ibi tí yóò tò ó sí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kí i. Ohùn mi ló fi mọ̀ mí.

"Ìyàwó! Ṣé kò sí?"

Mo ní, "Ìyá mi kú."

Ó fi ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò bi mí pé nígbà wo, kò bi mí pé kí ló ṣe é. Ó ní, "Kí lorúkọ wọn?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́."

Ó pa orúkọ náà mọ́ ẹnu díẹ̀, bí ẹni tọ́ iyọ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó sì fi èdè Ìlàjẹ ké e síta, "Àbẹ̀kẹ́ o! Àbẹ̀kẹ́!", pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí n kò gbọ́. Ó ń ké e bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Omijé ń ṣàn nínú ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja yíjú padà, ọ̀kan dìde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

Ìyá Ẹ́sítà fà mí mọ́ra, ó fi orí mi sí àyà rẹ̀ tó ń rùn fún èéfín, ó sì dá wọn lóhùn.

"Ìyá wa ni," ó ní. "Ìyá wa ló kú, ní Ṣakí."

Ìgbà náà ni ẹkún mi tó wá.